Ọlájùwọ́n àti Robinson, 1995: Ṣé Ó Yege Lójú Òṣùwọ̀n Òde Òní?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyẹn básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé bọ́ọ̀lù ayé àtijọ́ ni Hakeem Ọlájùwọ́n gbá, pé ká ní òde òní ni, kò ní rí ibi dúró sí. Mo wá tún wo ìfigagbága Houston Rockets àti San Antonio Spurs ti ọdún 1995. Ká tó gbà, ká tó jiyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Àṣekágbá ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn NBA ni. Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, kojú David Robinson, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún náà. Kí ìdíje kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀bùn ọ̀hún lé Robinson lọ́wọ́ níwájú èrò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Ọlájùwọ́n gba àmì 41.

Nínú ìdíje mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àmì rẹ̀ lọ báyìí: 27, 41, 43, 20, 42, 39. Ẹ rò ó pọ̀, 212 ni. Ẹ pín in sí mẹ́fà, ó lé díẹ̀ ní 35. Robinson tó ń gba 27.6 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bọ́ sí ìpele yìí wá sílẹ̀ sí 23.8. Houston borí, mẹ́rin sí méjì.

Ẹsẹ̀ àti òòfà ilẹ̀

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò. Ọlájùwọ́n á gba bọ́ọ̀lù, á fi ẹsẹ̀ kan múlẹ̀, á yí, á gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni tó fẹ́ jù ú. Robinson á fò. Ọlájùwọ́n ò tíì kúrò nílẹ̀! Á wá gba abẹ́ apá Robinson kọjá, á sì rọra ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Dream Shake ni wọ́n ń pe ètàn yẹn.

Kí ló dé tí Robinson, tó ga tó sì yára, kò lè yí padà? Ẹni tó bá ti kúrò nílẹ̀ kò ní ohun tó máa fẹsẹ̀ tì mọ́. Ibi tí ara rẹ̀ dorí kọ náà ló máa lọ, títí òòfà ilẹ̀ á fi fà á wálẹ̀. Bí èèyàn bá fò ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.7 ló máa lò lókè. Ó kéré, àbí? Ó tó fún ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láti gbé ìgbésẹ̀ kan kó sì jù ú. Òòfà ilẹ̀ ò sì tíì yí padà láti 1995. Ọlájùwọ́n fúnra rẹ̀ ti sọ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tóun gbá l'Ékòó wà lára ohun tó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lo ẹsẹ̀.

Ìṣirò

Ibí làwọn ọ̀dọ́ ti rí nǹkan sọ. Lóde òní, bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù 100 láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, bíi 36 ló ń wọlé. 36 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 108. Nínú ìfigagbága yìí, 56 nínú 100 ni Ọlájùwọ́n ń jù wọlé, alámì méjì sì ni wọ́n. 56 lọ́nà méjì jẹ́ 112. (Mo yọ ìjù ọ̀fẹ́ kúrò kí ìṣirò lè rọrùn.) Ó yege.

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá kó gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù ní NBA pọ̀, nǹkan bí 51 nínú 100 ló wọlé. Ìyẹn jẹ́ 102, kò tó 108. Akọ́nimọ̀ọ́gbá òde òní á ní kó túbọ̀ sún mọ́ àwọ̀n. Kò sì lè sá lọ sẹ́yìn ìlà: nínú 124 tó jù láti ibẹ̀, 25 péré ló wọlé.

Òfin eré

Títí di 2001, NBA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù kan kàn dúró máa ṣọ́ àyè. Ṣọ́ ẹni tìẹ, tàbí kó o lọ bá ẹni tó mú bọ́ọ̀lù. Ìyẹn jẹ́ kí Ọlájùwọ́n tètè máa rí ẹnì kejì tó ń bọ̀. Lónìí, wọ́n lè fi ẹnì kan síwájú rẹ̀, kí òmíràn ti dúró lẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Mo gbà pé àmì 35 á ṣòro. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù márùn-ún tó fún ẹlòmíì ló ń di àmì. Tí wọ́n bá pé méjì lé e lórí, ẹnì kan ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà nìyẹn.

Ohun tí àmì kò sọ

Ẹ padà sí ọjọ́ 19 oṣù June 1994, ìdíje kẹfà àṣekágbá. Houston 86, New York 84. John Starks fò láti ju alámì mẹ́ta tí ì bá gba ife. Ọlájùwọ́n, òmìrán inú ilé, ti jáde dé ẹ̀yìn ìlà; ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kò wọlé. Lóde òní, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ àwọn tó ga: kí wọ́n lè jáde lọ ṣọ́ àwọn tó kéré, tó yára. Ọ̀pọ̀ ni ò lè ṣe é. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni Ọlájùwọ́n dí ní NBA, kò sì tíì sẹ́ni tó bá a.

Ìdájọ́ tèmi rèé: àmì rẹ̀ á dín kù lónìí, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ò ní yẹ̀. Ìṣọ́ rẹ̀ ni màá fi gbè é lẹ́yìn, kì í ṣe àmì 41.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ẹ wo ìdíje kejì. Ẹ ka iye ìgbà tí Robinson fò kí Ọlájùwọ́n tó kúrò nílẹ̀.
2. Bí ẹnì kan bá ń ju 40 nínú 100 alámì mẹ́ta wọlé, mélòó nínú 100 alámì méjì ni ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jù wọlé kí àmì wọn tó dọ́gba?
3. Ẹ fi *òòfà*, *ètàn* àti *òṣùwọ̀n* ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kà á sókè fún ẹnì kan nílé.

Ó dìgbà kan ná o.