Ààlà Ló Ṣáájú Ọkọ́

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Bí baba àti ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ bá nílò ààlà, kí la fẹ́ sọ nípa ìdílé ogún tó fẹ́ jọ gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn? Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ àdúgbò tí ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀ gbalasa ní Ayọ̀bọ̀ ni pé kí wọ́n má tíì ra ọkọ́.

Ilẹ̀ náà wà o. Lóòótọ́, Alímọ̀ṣọ́, tí Ayọ̀bọ̀ wà nínú rẹ̀, ni ìkànìyàn ọdún 2006 ti rí èrò jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, ènìyàn 1,277,714, ilé sì ti jẹ oko tán. Síbẹ̀ abẹ́ wáyà iná ńlá ṣì wà, ẹ̀yìn kíláàsì ilé ìwé ìjọba wà, etí títì tí wọn ò gbà kí a kọ́lé sí wà. Igbó ló hù sí òmíràn. Òmíràn, àwa fúnra wa la sọ ọ́ di ààtàn.

Àwọn kan ti ń jẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó níbí, àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Ní Dzorwulu, ní Accra, abẹ́ wáyà gíga gan-an ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ tí ìgboro ń jẹ. Ní Houéyiho ní Kutọnu, ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú ni. Ọgbọ́n iṣẹ́ ò wọ́n lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ṣàìní oníbàárà. Ohun tó máa ń gbé irú oko bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ ni katakata tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí olóko ò sì ní ìwé kankan láti nà sí i.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gba Alausa, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, lọ tààrà. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná gíga kiri Nàìjíríà, TCN, ni ọ̀rọ̀ abẹ́ wáyà kàn. Ti ilé ìwé kan àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀gá ilé ìwé nìkan ò lè fi ilẹ̀ tọrẹ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, CDA, ni kó kọ lẹ́tà, kó sì fún ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ayọ̀bọ̀-Ìpájà ní ẹ̀dà kan. Ẹ jẹ́ kí ààfin gbọ́ pẹ̀lú, kí ọmọ onílẹ̀ má baà dé bá yín pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Nínú lẹ́tà náà, ẹ tọrọ ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta péré bí onílẹ̀ bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó, torí tẹ̀tẹ̀ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí a tó fà á. Ẹ̀gẹ́, tó ń pẹ́ nílẹ̀, ló ń mú olóko bá onílẹ̀ jà.

Lábẹ́ wáyà, ẹ̀fọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ gbìn, ẹ má gbin igi eléso. Ẹ má sì sun igbó níbẹ̀ láé: èéfín tó nípọn lè mú kí iná fò láti ara wáyà wá sílẹ̀. Ibi tí mẹkáníìkì ti da ọ́ìlì sí, tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì, ẹ fò ó. Òjé inú bátìrì kì í jẹrà, ẹ̀fọ́ a sì máa fà á mu. Bí kò bá sí ibòmíràn, inú àpò tí a bu iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí ni kí ẹ gbin nǹkan sí.

Ààlà àkọ́kọ́ wà láàárín ẹ̀yin àti onílẹ̀; ààlà kejì ló le jù, èyí tó wà láàárín ẹ̀yin fúnra yín. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ka orúkọ ọgọ́ta lórí WhatsApp, tí ènìyàn mẹ́fà ń ro oko. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí àáró: ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló bẹ̀ wá, òun náà ló ń bọ́ wa, àáró, bí mo ṣe ro tìrẹ lónìí ni wàá ro tèmi lọ́la. Àáró ni kí ẹ fi gé igbó, kí ẹ fi kó ìgbẹ́ adìẹ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, kí a ri èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá po èso tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn kó tó fọ́n ọn, tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó títí tó fi hù, tiẹ̀ á dọ́gba; ẹni tó bá kàn dà á sílẹ̀, á rí i níbi tó ti ṣùjọ. Kálukú á jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ìjà á dín kù.

Omi ló kù. Omi gọ́tà kì í ṣe omi ẹ̀fọ́, bó ti wù kó sún mọ́ oko tó. Ẹ dáwó gbẹ́ kànga kan kí ẹ tó pín bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì bi ẹni tó bá fẹ́ méjì bóyá yóò lè pọn omi sí méjèèjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí kò bá lè pọn ọ́n, ẹ fún un ní ẹyọ kan, kó sì dúró de òjò oṣù kẹrin kó tó gba èkejì.