Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Wá Jẹjẹrẹ, Àti Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Ń Dá Lẹ́bi

Spectroscopy ni fífi ìmọ́lẹ̀ wádìí ohun tó wà nínú nǹkan. Bí ìmọ́lẹ̀ lésà bá kan ẹran ara, èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó ta padà kì í pa àwọ̀ dà. Bíńtín, bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, ló ń pa á dà. C. V. Raman, ọmọ Íńdíà, ló rí èyí ní Kolkata lọ́dún 1928, àwárí yìí ló sì jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1930. Ọ̀rá, púrótéènì àti DNA, kálukú ló ní àwọ̀ tó ń dá padà. Ìwọ̀n wọn nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò rí bíi ti sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ti ń dá wọn mọ̀. Ní Montreal ní Kánádà, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ọpọlọ aláìsàn lórí tábìlì, kí wọ́n lè mọ ibi tí jẹjẹrẹ parí sí.

Òǹkàwé tó ní kókó lọ́mú, tó ń bèèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ yìí lè gba òun lọ́wọ́ biopsy, ìyẹn mímú ẹran bíńtín lára kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò, ti gbọ́ pé bí irin bá ti kan kókó, jẹjẹrẹ á tàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Abẹ́rẹ́ oníhò ni wọ́n fi ń mú ẹran bíńtín, ìwádìí kò sì fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n gún bẹ́ẹ̀ ń kú ju àwọn yòókù lọ. Lóòótọ́, àwọn kókó kan wà, bíi ti kóró ẹpọ̀n, tí dókítà kì í sábà gún. Àwọn dókítà fúnra wọn ló mọ èyí, kì í ṣe àdúgbò ló sọ fún wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ló ń mu àgbo, tó ń gbààwẹ̀, tí ọ̀pọ̀ oṣù fi ń lọ. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, jẹjẹrẹ lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn èèyàn á ní ọ̀bẹ ló pa aláìsàn náà. Kò sẹ́ni tí í ka ọ̀pọ̀ oṣù náà mọ́ ẹ̀sùn.

Ìmọ́lẹ̀ Raman kì í sábà wọ ara ju mìlímítà díẹ̀ lọ, kò sì tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran. Ẹni tó bá fọwọ́ kan kókó lọ́mú, tàbí tí orí ọmú rẹ̀ ń sun ẹ̀jẹ̀, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ gún un, kó jọ̀wọ́ má sá.