Ká Rìn Ká Pọ̀ Lọ́jọ́ Afẹ́fẹ́

Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Òwe yìí dùn lẹ́nu àwọn tó ń kóra jọ láàárọ̀ Sátidé láti gun bàsíkùlù láti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Aṣọ á bára mu, akoto á máa dán, wọn á ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n òwe náà ò ní ká pọ̀ nìkan, ó ní ká rìn. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà la máa ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, àbí èrò ọ̀nà tó kàn pàdé ara wọn. Afẹ́fẹ́ á fẹ́, a ó sì rí fùrọ̀ adìyẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà yẹn dáadáa. Ó tó nǹkan bí 60 kìlómítà, apá ìlà-oòrùn ló sì dojú kọ. Afẹ́fẹ́ Èkó ńkọ́? Láti orí òkun ló ti sábà ń wá, ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ó sì máa ń le sí i bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Nígbà àlọ, ẹ̀yìn ló ti ń tì yín, ẹ ò sì ní mọ̀. Kálukú á rò pé ẹsẹ̀ òun ló le. Wọn á fẹ̀rín dé Ẹ̀pẹ́, wọn á yà sọ́jà Olúwo, wọn á fi ẹja gbé ẹ̀bà mì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀bà tó kún ikùn kì í bá èèyàn wa kẹ̀kẹ́. Lọ́sàn-án gangan ni wọ́n á wá yíjú sílé, tí ẹni tó tì wọ́n wá á ti dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ibi tí àsíá ilé epo ń fẹ́ sí kí ẹ tó sọ iye eré tí ẹ máa sá. Ẹ jáde ní ìdájí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti omi tó níyọ̀ díẹ̀, tí ẹ ń jẹ tí ẹ ń mu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, sàn ju àsè kan ṣoṣo lọ.

Ẹni tó ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ní 20, bí ẹni ń sá 40 ló rí lára rẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ tó ń kọlu èèyàn bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń tì í padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni alágbára ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú, tí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tirẹ̀ pamọ́, nígbà mìíràn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka ò sì dọ́gba. Kí ẹni tó lágbára pẹ́ níwájú, kó má sì fi eré kún eré. Àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ wa nìyí, bó bá ti kàn wọ́n láti ṣíwájú, wọn á fọ́n eré sí i, okùn á já, àwọn ará ẹ̀yìn á di ẹni tó ń dá afẹ́fẹ́ jà. Ẹ̀yin tó rẹ̀ náà, ẹ má ṣojú ayé. Ẹ dúró sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Faransé, ìrìn kan wà láti ìtòsí Paris dé Brest àti àbọ̀, tó tó 1,200 kìlómítà. Eré ìje ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1891, àmọ́ lónìí kò sí ipò kìíní níbẹ̀. Wákàtí 90 ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn nǹkan bí 13 kìlómítà ní wákàtí kan, oorun àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Kí wá ni ẹ̀yin ń lé lọ sí Ajáh?

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Lórí kẹ̀kẹ́, òwe yìí ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ò rí ju ìdí rẹ lọ, kò sì sí àyè fún un láti kọ́gbọ́n kankan kóun náà tó wọ kòtò. Fọwọ́ tọ́ka, kó o sì pariwo, torí afẹ́fẹ́ máa ń gbé ohùn lọ. Ìwọ tó wà lẹ́yìn, má ṣe jẹ́ kí táyà iwájú rẹ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn tirẹ̀. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ìwọ lo máa ṣubú.

Nígbà àbọ̀, apá òsì níwájú ni afẹ́fẹ́ sábà ń gbà wá, ibi ààbò á wà lẹ́yìn díẹ̀ sápá ọ̀tún. Àwọn eléré ìje ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù máa ń tò láti etí títì kan dé èkejì nítorí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti dínà fún wọn. Ta ló dínà fún yín? Ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ létí títì. Bí tírélà bá sì ń kọjá, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa: á kọ́kọ́ bò yín lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, bó bá ti kọjá tán, afẹ́fẹ́ á gbá yín lójijì.

Bó bá wá le ju ohun tí ara gbà lọ, ọkọ̀ wà ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́. Ẹ so àwọn kẹ̀kẹ́ mọ́ orí bọ́ọ̀sì, kí gbogbo yín jọ wọlé. Àmọ́ ẹ ná owó ẹrù náà kí ẹ tó gbé e sókè, torí bó bá ti wà lórí ọkọ̀ tán, iye tó bá wu awakọ̀ ló máa pè.