Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ORIN TÍ WỌ́N FẸ́ GÉ DÀNÙ

Gbogbo wa la mọ òṣùmàrè. Bí òjò bá dá tí oòrùn sì yọ, a máa ń rí i tí ó tẹ̀ bí ọrun ọlọ́fà lójú sánmà. Lónìí, a ó kà nípa orin kan tí wọ́n fi òṣùmàrè kọ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Over the Rainbow, èyí ni pé, ní òkè òṣùmàrè lọ́hùn-ún. Díẹ̀ ló kù kí orin náà má dé etí wa.

Ibi tí orin náà ti wá

Inú sinimá olórin kan tí ó jáde ní ọdún 1939 ni orin yìí wà. The Wizard of Oz ni wọ́n ń pe sinimá náà. Ó sọ ìtàn Dorothy, ọmọbìnrin kan tí ó ń gbé ní abà ní Kansas. Ìjì líle gbé òun àti ilé lọ sí ìlú àjèjì. Ní Kansas, àwòrán sinimá náà ṣá bí àwòrán tó ti pẹ́. Ìgbà tí Dorothy dé ìlú àjèjì ni àwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Harold Arlen ló ṣe ohùn orin náà, E. Y. Harburg ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Harburg rò ó pé: ọmọ tó ń gbé níbi tó ṣá báyìí, àwọ̀ wo ni ojú rẹ̀ lè rí? Òṣùmàrè nìkan ni!

Wọ́n gé e

Judy Garland, ọmọ ọdún 16, ló kọ orin náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà han àwọn ènìyàn díẹ̀ láti dán an wò. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ó ti gùn jù, pé orin yìí ń fa ìtàn sẹ́yìn. Wọ́n ní, kí ni ọmọbìnrin ń kọrin sí láàárín ọgbà ẹran ọ̀sìn? Ni wọ́n bá gé e.

Arthur Freed, tí ó wà lára àwọn tó ń ṣe sinimá náà, kò gbà rárá. Ẹ wò ó: orin yìí ló jẹ́ kí a mọ ohun tí ọkàn Dorothy ń fẹ́ kí ìjì tó gbé e. Bí kò bá sí i, a ó kàn rí ọmọ tí afẹ́fẹ́ gbé lọ ni. Freed bá wọn fà á títí wọ́n fi dá orin náà padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Ní ọdún 1940, orin yìí gba ẹ̀bùn Oscar. Judy Garland ń kọ ọ́ kiri títí di ọdún tó kú, 1969. Ní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n to àwọn orin pàtàkì ti ọgọ́rùn-ún ọdún ní Amẹ́ríkà, òun ló ṣe ìkíní.

Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìkánjú ló mú wọn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìwàǹwára lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ẹ bá wà ní ìpàdé, tí wọ́n fẹ́ da ohun rere nù, ẹ má dákẹ́.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí Harburg fi ronú kan òṣùmàrè?
2. Kí ni àwọn ọ̀gá sọ pé ó burú nínú orin náà?
3. Ta ló kọ̀ fún wọn? Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa orin kan tí ẹ kò fẹ́ kó parun.