Gílóòbù Kọ́ Ló Jẹ̀bi

ÌBÉÈRÈ: Golf 3 ti ọdún 1996 ni mò ń wà, mo sì máa ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ wálé sí Ìsẹ́yìn lálẹ́. Iná iwájú apá òsì kì í tàn dáadáa mọ́. Mo ti pààrọ̀ gílóòbù lẹ́ẹ̀mẹta. Méjì àkọ́kọ́ wà nínú bùútù. Oní-100 wáàtì ni mo rà kẹ́yìn, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti ń yọ́. Irú LED wo ló máa pẹ́ lọ́wọ́ mi? Àbí kí n kúkú ta ọkọ̀ náà? Ojú rẹ̀ ṣì dára, torí mo tún iwájú rẹ̀ kùn lẹ́yìn tí ọlọ́kadà kan kọlù mí. Tíṣà, Ìsẹ́yìn.

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú ewu ọlọ́kadà o. Inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín wí díẹ̀. Gílóòbù mẹ́ta! Ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ ń nà láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, òun gan-an ni mo rí kà níbẹ̀.

Iná kì í wọ inú gílóòbù kó jókòó síbẹ̀. Bó ṣe ń gba wáyà kan wọlé, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bọ́dì ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà náà: wáyà kúkúrú kan jáde lẹ́yìn gílóòbù, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ páànù, ó parí. Gbogbo ayé ló ń yẹ wáyà tó ń gbé iná lọ wò. Ta ló ń wo èyí tó ń gbé e bọ̀? Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ṣe rẹwáyà, ọkọ̀ àtijọ́ kankan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítorí iná kí n má kọ́kọ́ wá ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín kò ṣòro í mọ̀. Pánẹ́ẹ̀bítà tú iwájú, ó na páànù, péńtà fọ́n ọ̀dà sí i. Ọ̀dà bo ojú irin tí bóòtù ẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó lé. Nígbà tí wọ́n ń tò ó padà, wọ́n fún bóòtù náà mọ́ orí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ kan bíi tiyín wọlé tọ̀ mí wá. Mo tan iná, mo fi ẹnu mítà dúdú kan nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi pupa kan ẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn gílóòbù. Kò yẹ kó kọjá 0.2 fóòtì. 2.6 ló kọ. Mo tú bóòtù náà: òkè rẹ̀ ń dán, abẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi sáńpépà ha páànù títí irin fi ń kọ mànà, mo dè é padà. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dúró níwájú ọkọ̀ fi ọwọ́ bojú. Gílóòbù ọjọ́ náà ló ṣì wà nínú rẹ̀ dòní.

Fóòtì méjì ààbọ̀ kéré létí, àbí? Gílóòbù halogen kò gbà bẹ́ẹ̀: bí fóòtì bá dín ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni oní-100 ti já yín kulẹ̀. H4 tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yẹn, 55 wáàtì ni dímù rẹ̀, 60 ni fúù. Oní-55 ń fa bí áńpì mẹ́rin ààbọ̀. Oní-100 ń fa ju mẹ́jọ lọ. Ẹ wá kó gbogbo ìyẹn gba ẹnu ọ̀nà tó ti dí, ó di ooru, ó sì yọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Golf 3 kò sì ní rílè fún iná iwájú. Inú súwíìsì tí ẹ ń fọwọ́ tẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ oní-100 náà kó tó jó súwíìsì mọ́ yín lọ́wọ́.

LED ńkọ́? Mi ò ní dárúkọ ọ̀kan. Àwo tó yí gílóòbù yín ká, ibi tí òwú H4 wà gan-an ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á tú ká, á máa lọ sójú ẹni tó ń bọ̀. Lọ́nà Ọ̀yọ́ lóru, ẹni tí iná yín bò lójú lè máa wa tírélà bọ̀ wá bá yín.

Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ wá wáyà gígùn kan, kí ẹ bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ tan iná. Ẹ fi ẹnu kan mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì, ẹ fi èkejì kan irin tí wáyà búráùn wọ̀ lẹ́yìn gílóòbù. Àwọn ará Jámánì, búráùn ni wọ́n fi ń sàmì sí ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣèèṣì fi kan pọ́sítíìfù o. Bí iná bá mọ́ wàá lójijì, ọwọ́ ti tẹ olè. Bí kò bá yí padà, ẹ lọ wo fíúsì dímù apá òsì àti ilé rẹ̀, torí apá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ má tíì fura sí súwíìsì: ẹyọ kan ló ń bọ́ méjèèjì, apá ọ̀tún ìbá ti ṣókùnkùn pẹ̀lú.

Ẹ má ta ọkọ̀ nítorí bóòtù kan, Tíṣà. Ẹ ha ojú irin náà, ẹ dè é le, ẹ fi Vaseline díẹ̀ pa á lórí kí omi òjò má bà á jẹ́, kí ẹ sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gílóòbù méjì inú bùútù yẹn jáde. Ẹ wo òwú inú wọn. Èyí tí òwú rẹ̀ kò bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, ẹ má fi ìka kan dígí rẹ̀, kí ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú rárá.