Bí A Ṣe Ń Tún Ìdérí Òkè Ẹ́ńjìnì Tí Ń Jò Ọ́ìlì Ṣe

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkirè àti Àpòmù, ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ oko gẹ́gẹ́ bí àdá àti ọkọ́. Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, tí ìkórè kòkó ń lọ lọ́wọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò pọ́n sílẹ̀ lóko, àdánù yóò sì bá ẹgbẹ́. Ohun kékeré kan tí ń fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tí ń jò lábẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà.

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń JÒ

Abẹ́ ìdérí yìí ni àwọn fáàfù wà, tí ọ́ìlì ń ta sí lára. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà tàbí kọ́ọ̀kì ni a tẹ́ sí abẹ́ etí rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru a mú un le, a sì sán. Bákan náà, bí ìdọ̀tí bá dí rọ́bà tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, èémí inú rẹ̀ yóò ti ọ́ìlì jáde.

EWU RẸ̀

Bí ọ́ìlì bá dín kù jù, irin yóò máa lọ irin. Èyí tí ó bá kán sórí páìpù èéfín gbígbóná lè gbiná. Kòkó sì tètè ń gba òórùn: àpò tí ọ́ìlì bá kàn, àwọn tí ń rà á lè kọ̀ ọ́.

ÀTÚNṢE

1. Ẹ nu ẹ́ńjìnì mọ́, ẹ tan án fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Ọ́ìlì a máa ṣàn sísàlẹ̀. Ibi tí ó ga jù tí ó tutù ni orísun rẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Ẹ tú ìdérí náà. Sípánà 10 ni ó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré mu.

3. Ẹ yọ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kí ẹ nu ojú méjèèjì títí wọn yóò fi gbẹ. Kí ìdọ̀tí má ṣe bọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yẹ rọ́bà tí ó fi ń mí wò pẹ̀lú.

4. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí ó bá ọkọ̀ náà mu sí i. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù kùn ún káàkiri. Èyí tí ó bá já sínú lè dí ọ̀nà ọ́ìlì.

5. Ẹ dè é díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo rẹ̀ le dọ́gba. Ẹ má ṣe fi agbára fà á: ìdérí yóò tẹ̀, bóòtù lè já, jíjò náà yóò sì pọ̀ sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti ojú mímọ́ ni ó ń dá ọ́ìlì dúró, kì í ṣe agbára.

6. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì tún wò ó.

Ẹ má ṣe da ọ́ìlì àlòkù sílẹ̀ oko tàbí sínú odò. Odò Ọ̀ṣun ni a sé ní Aṣéjire, ará Ìbàdàn sì ń mu nínú rẹ̀.

Kí awakọ̀ ẹgbẹ́ máa wo ọ̀pá gééjì láràárọ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó tó tan ọkọ̀. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan kéré púpọ̀ sí owó ẹ́ńjìnì. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò.