Ojú Alákàn ní Ọ̀nà Àárín

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Yorùbá tó nílò kí n túmọ̀ òwe yìí fún òun, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Orí fóònù ni mo fẹ́ gbé e lọ, inú gémù Mobile Legends, ní ọ̀nà àárín tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní mid, nítorí ohun tí mo rí ní GRA Enugu níbí ní Sátidé kan ṣì ń dùn mí.

Àwọn ọmọ àdúgbò ló ṣètò ìdíje, márùn-ún kojú márùn-ún, nínú ọgbà ilé kan tí kò jìnnà sí Abakaliki Road. Àdúgbò tó dákẹ́ ni GRA, ọgbà ilé rẹ̀ fẹ̀, igi rẹ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ariwo àwọn ọ̀dọ́ gba gbogbo òpópónà. Ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Yorùbá díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yìí, tó máa ń pè mí ní Bọ̀dá, ló di ọ̀nà àárín mú fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Eudora ló yàn, akọni obìnrin tó ń fi mànàmáná jà. Ọwọ́ ọmọ náà yá, ẹ̀rù kò sì bà á. Ó lé ọ̀tá wọ igbó, wọ́n pa á. Ó jí dìde, ó tún lé òmíràn kọjá odò, wọ́n tún pa á. Àwọn méjì ló lúgọ dè é nínú koríko, àmì wọn sì ti hàn lórí àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà ní igun òkè lápá òsì kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Kò wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lé ló tẹjú mọ́, ẹ̀jẹ̀ tó kù díẹ̀ kó tán.

Fún ẹni tí kò mọ gémù yìí: ọ̀nà mẹ́ta ló so ibùdó ẹgbẹ́ kan mọ́ ti èkejì, igbó wà láàárín àwọn ọ̀nà náà, odò sì là wọ́n kọjá. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní minion ń tú jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ilé ìṣọ́ ń lu ọ̀tá tó bá sún mọ́ ọn, ẹgbẹ́ tó bá sì fọ́ ibùdó ẹgbẹ́ kejì ló borí. Moonton gbé e jáde ní 2016. League of Legends ti Riot Games ti wà láti 2009, Dota 2 ti Valve sì jáde ní 2013. Orúkọ yàtọ̀, òfin yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín kò yàtọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ló kúrú jù. Igbó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, igbó wà lósì rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń tètè gòkè ní ìpele, ó sì lè dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹlòmíràn tó dé ẹyọ kan. Oríta ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́ kí ẹ tó kọ́ ọwọ́. Bí ẹ bá ti lo agbára kan, ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Bí ẹ bá ti pa ọ̀wọ́ minion kan tán, ẹ wò ó. Bí ẹ bá ń rìn lásán, tí kò sí ohun tí ẹ ń lù, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ wò ó jù. Ẹ máa ka orí àwọn ọ̀tá. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, tí méjì ṣẹ́kù, ẹ gbà pé ọ̀dọ̀ yín ni àwọn méjì náà ń bọ̀, títí ẹ ó fi rí wọn níbòmíràn. Ọ̀tá tí ẹ kò rí kò parẹ́, ó ń rìn ni. Ẹni tí èyí bá ṣòro fún, kó máa bá kọ̀ǹpútà ta á, kó sì máa pe orúkọ àwọn tí kò rí sókè bó ti ń ṣeré. Ẹnu rẹ̀ yóò fipá mú ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá fi máa padà sọ́dọ̀ ènìyàn, ojú náà á ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì kúrò ní ọ̀nà yín láìtíì pa ọ̀wọ́ minion tó wà níwájú yín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú eré àwọn ọmọ wọ̀nyí nìyí. Bí ẹ bá pa á tán kí ẹ tó lọ, minion tiyín á rìn dé ilé ìṣọ́ ọ̀tá, ẹni tó kojú yín á sì ní láti dúró tì í. Bó bá tẹ̀ lé yín, góòlù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìṣọ́ rẹ̀ sì ń jẹ ìyà. Ẹ ti fi minion ra àkókò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀wọ́ náà sílẹ̀ tí ẹ sáré lọ wá ẹni tí ẹ ó pa, ẹ̀yin lẹ sọ góòlù nù, ilé ìṣọ́ tiyín ló sì ń wó. Turtle, ìjàpá ńlá tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pa fún góòlù, ń kọ́kọ́ jáde ní ìṣẹ́jú kejì. Ẹni tó bá rántí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì ti pẹ́. Kó tó ku bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kí minion yín ti kú tán, kí ẹ sì ti dúró sódò kí àwọn yòókù tó dé. Lord, ẹranko ńlá kejì tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń du, ń jáde ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ tọ́jú Flicker yín, agbára tó ń gbé ẹni fò kúrò lójijì, fún àtisá, torí ẹni tó bá kú nígbà náà kì í tètè jí.

Gbogbo èyí wà lábẹ́ òwe alákàn, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré kejì ni kò jẹ́ kí n lè dúró síbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti bínú sí i. Wọ́n ní ó ń kú jù, kó ṣọ́ra rẹ̀. Ó gbọ́ràn. Ó dúró sẹ́bàá ilé ìṣọ́ rẹ̀, ó ń wo àwòrán ilẹ̀, bí ọ̀tá bá sì ti pòórá kúrò níwájú rẹ̀, yóò fà sẹ́yìn. Ẹni tó kojú rẹ̀ pòórá lọ sí ọ̀nà góòlù, ọ̀kan nínú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó pa ẹni tó wà níbẹ̀. Ó tún pòórá lọ sí apá kejì, ó tún pa ènìyàn. Wọ́n pa Turtle láìsí ẹni tó dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ibùdó wó, ọmọ náà gbé fóònù wá fi hàn mí: "Bọ̀dá, ẹ wò ó, mi ò kú rárá." Òótọ́ ló sọ. Kò kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibi tí mo ti bá àwọn àgbà tó pa òwe yẹn jiyàn nìyí. Orí ara rẹ̀ nìkan ni alákàn ń ṣọ́. Kò ní ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lápá kejì odò. Ẹni tó bá di ọ̀nà àárín mú kò ní ẹ̀tọ́ sí irú ojú bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi í sí oríta nítorí pé ó dùn láti wà níbẹ̀, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yá jù sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bó bá rí i pé ọ̀tá ti pòórá, tó fà sẹ́yìn tó sì dákẹ́, orí ẹlòmíràn ló fi san owó ìṣọ́ra rẹ̀.

Àwọn tó ṣe League of Legends fi alákàn kan sínú odò tiwọn, Rift Scuttler ni wọ́n ń pè é. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, sísá ló ń sá kiri. Ẹgbẹ́ tó bá pa á ni yóò máa rí apá ibi tó ń ṣọ́ nínú odò fún ìgbà díẹ̀, gbogbo márààrún wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń du alákàn yẹn nìyí: ìríran rẹ̀ ti di ti ẹgbẹ́.

Ẹ wo Lee Sang-hyeok, ọmọ Kòríà tí ayé ń pè ní Faker, ẹni tó ti ń di ọ̀nà àárín mú fún ẹgbẹ́ T1 láti 2013. Ife-ẹ̀yẹ àgbáyé mẹ́fà ló ti gbà: 2013, 2015, 2016, 2023, 2024 àti 2025. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 2024, ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, Bilibili Gaming láti Ṣáínà ti fi eré méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú wọn. Faker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba eré kẹrin. Nínú èkarùn-ún tí yóò parí ìjà, Galio ló mú. Akọni olókùúta ni Galio. Agbára rẹ̀ tó ga jù ni kí ó fò lọ balẹ̀ níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kó sì dáàbò bo ẹni náà. Bí kò bá sí ẹni tirẹ̀ nítòsí, agbára náà kò ṣeé lò. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀gá àwọn ọ̀nà àárín mú irú akọni yìí ní eré tó le jù, wọ́n borí, òun náà ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó tayọ ní ìdíje àṣekágbá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó kojú yín bá pòórá, ẹnu yín gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ yín. "Mid ò sí o, ó ń bọ̀ lápá góòlù!" Ẹ pariwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yan ọ̀kan nínú méjì: kí ẹ tẹ̀ lé e lọ gba ẹni yín sílẹ̀, tàbí, bí ẹ kò bá ní lè débẹ̀, kí ẹ lu ilé ìṣọ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀, kí ìrìn àjò náà lè ná an lówó. Dídúró kí ẹ máa wòran ni kò sí nínú rẹ̀.

Bákan náà ni nígbà tí ẹ bá ń yan akọni. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn mẹ́rin yòókù kò ní. Bí kò bá sí ẹni tó lè dá ọ̀tá dúró lójú kan, ẹ mú ẹni tó lè ṣe é, kódà bí kì í bá pa ènìyàn púpọ̀. Èmi fẹ́ràn Pharsa púpọ̀. Nínú ìtàn rẹ̀, afọ́jú ni, ẹyẹ kannakánná kan tó ń jẹ́ Verri ló ń ríran fún un. Láti òkèèrè ló ti ń rọ̀jò iná lé ọ̀tá lórí, nítorí náà kò lè ṣe ohunkóhun láìsí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ tó sì fi ibi tí ọ̀tá wà hàn án. Ó dára kí ọmọ tó bá fẹ́ràn láti dá jà fi í ṣeré títí tí yóò fi mọ bí ènìyàn ṣe ń gbára lé ojú ẹlòmíràn. Kí àwọn òǹwòran náà jọ̀wọ́ yé ka iye ẹni tí wọ́n pa. Gémù yìí máa ń fún ẹgbẹ́ tó pàdánù pàápàá ní MVP, àmì ẹni tó tayọ, tirẹ̀, mo sì gbà pé àmì yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ẹ̀bùn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ló kù. Lọ́jọ́ ìdíje yẹn, ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ni oníkálùkù jókòó sí, nítorí NEPA ti mú iná lọ láti òwúrọ̀, jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, bátìrì gbogbo fóònù sì ti ń tán lọ. Ọ̀kan wà ní fàráńdà, ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ọmọ wa wà lẹ́yìn ilé lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ níbi tí kò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ta ni ì bá pariwo fún? Ẹ gba iná sí fóònù yín lóru Fráídè. Kí ẹnì kan mú ẹ̀ṣítẹ́ṣọ̀n gígùn wá, kí àwọn márùn-ún jókòó ti ara wọn, kí ẹni tó ń ta mid sì wà láàárín. Bó bá sì jẹ́ hotspot ẹnì kan ni gbogbo yín ń lò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa fíìmù kankan wálẹ̀ lórí rẹ̀ títí eré yóò fi parí.